Kámẹ́rà Àyà Ọlọ́pàá: Ta Ni Yóò Mú Ìwé Kejì Dání?

Àwọn tó ti san owó oṣù yìí, a dúpẹ́. Àwọn tí kò tíì san mọ ara wọn, n kò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹ̀yáwó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé tó kọjá á rántí pé nígbà tí a ka àkọsílẹ̀ tán, tí akápò wa sì ti ròyìn owó, màmá wa kan láti ìsọ̀ àwọn aláṣọ dìde. Wọ́n ní àwọn ní àbá. Àbá náà ni pé kí ẹgbẹ́ wa àti àwọn ẹgbẹ́ yòókù nínú ọjà dá owó jọ, kí a fi ra kámẹ́rà tí àwọn ọlọ́pàá ń fi sáyà fún àgọ́ tó wà nítòsí wa. Màmá sọ ohun tí ojú wọn rí: bí wọ́n ṣe dá ọkọ̀ tó kó ẹrù wọn dúró lójú ọ̀nà lóru, tí aṣọ sùn sínú ìrì, tí wọ́n san owó kí wọ́n tó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ fi ẹjọ́ sùn, èsì tí wọ́n gbà ni pé kò sí ẹni tó dá ọkọ̀ kankan dúró lójú ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ náà. Màmá ní, "Bí kámẹ́rà bá wà láyà ẹni tó dá wa dúró, ta ni ìbá jiyàn?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Alága wa ní kí a gbé ọ̀rọ̀ náà dúró di ìpàdé tó ń bọ̀, kí oníkálùkù lọ rò ó.

Mo ti rò ó. Ohun tí mo rò rèé, kò sì ní í dùn mọ́ gbogbo ènìyàn.

N kò lòdì sí kámẹ́rà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa kọ nǹkan sílẹ̀ kò lè lòdì sí ohun tó ń gba nǹkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ a máa ń bèèrè rẹ̀ lórí gbogbo kọ́bọ̀ tó bá wọlé nínú ẹgbẹ́ yìí: ta ni yóò mú ìwé kejì dání?

Ẹ jẹ́ kí n tú u. Nígbà tí ẹ bá san owó, ibi méjì ni mo máa ń kọ ọ́ sí. Mo kọ ọ́ sínú léjà tó wà lọ́dọ̀ mi, mo tún kọ ọ́ sínú pásìbúùkù tí ẹ̀yin ń mú lọ sílé. Kí ló dé tí a kò fi ọ̀kan mọ? Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnìkan nínú yín san ₦15,000, èmi akọ̀wé yín sì kọ ọ́ sí ojú ewé ẹlòmíràn tí orúkọ bàbá wọn jọra. Oṣù mẹ́ta kọjá. Nígbà tí ẹni náà wá yáwó, mo sọ fún un pé kò san owó oṣù yẹn. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú. Ká ní wọ́n gbé Bíbélì fún mi lọ́jọ́ náà, ǹ bá búra, ọkàn mi ìbá sì mọ́. Pásìbúùkù ọwọ́ rẹ̀ ló gbà á, òun náà ló sì gba èmi lọ́wọ́ ìbúra èké. N kò jalè, n kò purọ́, àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ká ní ìwé ọwọ́ mi nìkan ló wà, owó ẹni ẹlẹ́ni ìbá ti ṣègbé.

Kámẹ́rà àyà yìí, léjà ni. Kì í ṣe pásìbúùkù. Nǹkan kékeré tó lè wọ àtẹ́lẹwọ́ ni, wọ́n á fi kọ́ àyà aṣọ, á máa ya àwòrán, á máa gba ohùn. Ọlọ́pàá tó wọ̀ ọ́ ló máa ń tẹ bọ́tìnnì kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun náà ló sì lè tẹ̀ ẹ́ kó dúró. Nígbà tó bá ti ẹnu iṣẹ́ dé, yóò kì í bọ inú ẹ̀rọ kan ní àgọ́, ohun tó gbà sílẹ̀ á sì lọ sí ibi ìpamọ́ tó wà lábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ọwọ́ ẹni tí a fẹ́ ṣọ́ ni bọ́tìnnì wà, ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Màmá aláṣọ wa kò ní nǹkankan lọ́wọ́.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa, púpọ̀ nínú yín sì ní ọmọ tàbí àbúrò lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀.

Ọlọ́pàá tiwọn kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo bíi tiwa. Ìlú ní tirẹ̀, ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ náà sì ní tirẹ̀: àwọn FBI, àwọn DEA tó ń lé àwọn olóògùn olóró, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè, àwọn ICE tó ń mú àjèjì tí kò ní ìwé. Ní oṣù kẹjọ 2014, ọlọ́pàá ìlú Ferguson yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀dúdú kan, ìlú sì gbóná. Láti ìgbà náà ni ìjọba àpapọ̀ ti ń fi owó ran ọlọ́pàá àwọn ìlú lọ́wọ́ kí wọ́n fi ra kámẹ́rà. Ní 2015, wọ́n pín owó tó ju mílíọ̀nù 20 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá 73. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn ńkọ́? Wọn kò wọ̀ ọ́. Wọ́n ń ra dígí fún aládùúgbò, wọn kò wo ojú ara wọn. Kódà bí ọlọ́pàá ìlú bá lọ bá wọn ṣiṣẹ́ àjọṣe, wọ́n á ní kó bọ́ kámẹ́rà tirẹ̀ sílẹ̀ ná.

Ohun tí èyí fà, ẹ gbọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 2017, nítòsí Washington tíí ṣe olú-ìlú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 25 kan ń wakọ̀ lọ. Oníṣirò owó ni, irú iṣẹ́ tí akápò wa ń ṣe. Ọkọ̀ kan gbá a lẹ́yìn, kò dúró ṣe ẹjọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọlọ́pàá méjì nínú àwọn tó ń ṣọ́ àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ lé e. Ó dúró, ó tún lọ. Ó dúró, ó tún lọ. Níkẹyìn wọ́n yìnbọn lù ú nínú ọkọ̀ rẹ̀. Kò ní ìbọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ó kú. Àwọn ọlọ́pàá méjèèjì kò ní kámẹ́rà láyà, kò sì sí nínú ọkọ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ wọn panu mọ́. Ìyá ọmọ ń bèèrè, bàbá ọmọ ń bèèrè, pé ta ló pa á, kí ló ṣe? Ó lé ní ọdún kan kí ẹbí tó mọ orúkọ àwọn tó yìnbọn.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í sùn. Ọlọ́pàá àgbègbè Fairfax kan ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ tirẹ̀ sì ní kámẹ́rà. Nígbà tó di oṣù kìíní 2018, ọ̀gá ọlọ́pàá Fairfax gbé àwòrán náà síta kí gbogbo ayé rí i. Ṣé ẹ rí ìwé kejì? Ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà, ẹni tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá àwọn tó yìnbọn.

Kí n má tàn yín jẹ: àwòrán yẹn kò gbé ẹnikẹ́ni dé ẹ̀wọ̀n. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní àwọn kò ní í pe ẹjọ́. Ní 2020, àwọn agbẹjọ́rò àgbègbè náà pe ẹjọ́ tiwọn, ní 2021 adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dà á nù, ó ní òfin ìpínlẹ̀ kò lè mú òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ tó ṣe lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ní 2023 ni ìjọba gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là fún ẹbí. Owó kò jí òkú. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tí àwòrán yẹn ti jáde, kò sí ẹni tó lè wo ojú ìyá yẹn kó sọ pé kò sí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù kìíní 2019, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Atlanta. Ọlọ́pàá ìlú tó ń bá FBI ṣiṣẹ́ àjọṣe yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 21 kan tó sá pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Kò sí kámẹ́rà, nítorí òfin FBI ni pé kí wọ́n má wọ̀ ọ́. Atlanta ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n kó ọlọ́pàá wọn kúrò nínú àjọṣe náà, àwọn ìlú mélòó kan náà sì fárí gá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2020, ìjọba àpapọ̀ rọ̀, wọ́n gbà kí ọlọ́pàá ìlú wọ kámẹ́rà rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ àjọṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, n óò padà sórí rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló mú wọn rọ̀. Ohun tí wọ́n nílò ni Atlanta fà sẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni nǹkan wá bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Ní oṣù kẹfà 2021, Lisa Monaco, igbákejì olórí ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́, kọ ìwé pé kí FBI, DEA àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí múra láti wọ kámẹ́rà bí wọ́n bá ń lọ mú ènìyàn tàbí wá inú ilé. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2022, Ààrẹ Biden fọwọ́ sí àṣẹ kan fún gbogbo agbófinró ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ yẹn pé ọdún méjì gééré tí ọlọ́pàá Minneapolis fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn títí ó fi kú. Àwọn ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ní kámẹ́rà láyà o! Síbẹ̀, ìwé tí ọlọ́pàá kọ́kọ́ gbé jáde sọ pé ó dà bíi pé àìsàn ló mú ọkùnrin náà. Fóònù ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan tó ń kọjá lọ ló tú àṣírí. Léjà wà, pásìbúùkù ló sọ òótọ́.

Àṣẹ Biden kò pé ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025, ọjọ́ tí Ààrẹ Trump padà wọlé, ó fagi lé e. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún náà, DEA ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má wọ kámẹ́rà mọ́. Ohun tí ẹnìkan fi bírò kọ, ẹlòmíràn fi bírò pa á rẹ́. Ó yé ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí alága bá fẹnu sọ lè yí padà lọ́la bí alága mìíràn bá dé. Ohun tó bá wà nínú òfin ẹgbẹ́, àfi kí a pe ìpàdé gbogbogbòò, kí ẹ nawọ́, kí a tó lè fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó di ìgbà ìwọ́wé 2025, wọ́n rán àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ lọ sí Chicago láti mú àwọn àjèjì. Gáàsì tajútajú ń fò láàárín ilé. Ní oṣù kẹwàá, Adájọ́ Sara Ellis pàṣẹ pé ẹni tó bá ní kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kó sì tàn án. Ní oṣù kọkànlá ó kọ ìdájọ́ olójú ewé 233. Ó ti jókòó wo àwọn àwòrán náà, ó fi wọ́n wé ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ, ó sì rí i pé nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, àwòrán ń lọ sílà, ìròyìn ń lọ sí ìwọ̀. Ó rí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà tó ń bẹ ChatGPT, ẹ̀rọ tó máa ń bá ènìyàn kọ̀wé, pé kó bá òun kọ ìròyìn iṣẹ́! (Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fi ẹ̀rọ yẹn kọ lẹ́tà ẹ̀yáwó ránṣẹ́ sí mi, mo mọ̀ yín o.) Òótọ́ ni pé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá àṣẹ adájọ́ náà dúró ní oṣù kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ara òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni àwòrán yẹn ti wá, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ wọn ló wà. Wọn kò fi inú rere ṣí i. Ẹni tó ní agbára láti òde ló ní kí wọ́n ṣí i. Ọ́díítọ̀ ló wọlé.

Ní oṣù kìíní 2026, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yìnbọn pa ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjì ní Minneapolis kan náà, ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 24. Àwọn aláṣẹ ti sọ tiwọn kí ilẹ̀ tó mọ́, fóònù àwọn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà sì ń sọ òmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, ìjọba kéde pé gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú náà yóò máa wọ kámẹ́rà. A tún ti padà sórí ríra léjà nìyẹn.

Bàbá wa kan tí mo ka èyí fún sọ pé, "Akọ̀wé, kí kámẹ́rà ṣáà wà ná. Bí ènìyàn bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, á tún ìwà ṣe." Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Rialto, ìlú kékeré kan ní California, wọ́n dán an wò ní 2012 sí 2013, ẹ̀sùn tí àwọn aráàlú ń fi kan ọlọ́pàá sì wálẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò ní Washington pẹ̀lú ọlọ́pàá tó ju 2,000 lọ, èsì tó jáde ní 2017 ni pé wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín ẹni tó wọ̀ ọ́ àti ẹni tí kò wọ̀ ọ́, bóyá nínú lílo ipá ni, bóyá nínú ẹ̀sùn. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ta ni? Bí ọ̀gá mi nìkan bá ń wò mí, tí ọ̀gá mi kò sì bínú sí ohun tí mo ń ṣe, kí ni n óò bẹ̀rù?

Ó wá ku tiwa. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí fún àbá màmá? Ó túmọ̀ sí pé DPO tí a bá fún ní kámẹ́rà lónìí lè gba lẹ́tà láti Abuja lọ́la pé kó lọ sí Sókótó. Ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ kò bá wa ṣe àdéhùn kankan. Kámẹ́rà tí a fi owó ẹgbẹ́ rà ti di ẹrù ìjọba, kò sí nínú ìwé wa mọ́, àwòrán inú rẹ̀ kò sì fìgbà kan jẹ́ tiwa. Owó ibi ìpamọ́ àwòrán náà tún wà, ọdọọdún ni wọ́n ń san án. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, òun ló wọ́n ju kámẹ́rà lọ. Ta ni yóò máa san án lọ́dún tó ń bọ̀?

Ẹ má sì rò pé òfin kò sí nílé rárá. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn sọ pé bí ẹni tí wọ́n mú bá fẹ́ jẹ́wọ́, kí wọ́n gba á sórí fídíò, tàbí kí agbẹjọ́rò rẹ̀ wà níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 náà mẹ́nu ba fídíò. Tàbí kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀: ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn mọ ohun tí ìwé kejì jẹ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí n nawọ́ fún àbá náà bó ṣe wà yẹn, n kò ní í nawọ́. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi Atlanta sọ́kàn rèé: owó wa ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ tí a bá ti san án, ẹnu wa ti wọlé. Kí a tó san án ni kí a bèèrè. Kí a ní ìwé àdéhùn tí a tẹ̀, tí ọ̀gá tó ju DPO lọ fọwọ́ sí. Kí ìwé náà sọ iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa àwòrán mọ́ kí wọ́n tó nù ún, àti pé ẹni tó bá fi ẹjọ́ sùn lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ti ọ̀rọ̀ tirẹ̀, òun àti agbẹjọ́rò rẹ̀. Kó sọ pé bí wọ́n bá ní kámẹ́rà kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá wà, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Èyí tó ṣòro jù ni pé kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá, ìbáà jẹ́ ilé-ẹjọ́, ìbáà jẹ́ àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba. Mo mọ̀ pé wọ́n lè ní àwọn kò gbà. Bí wọn kò bá gbà, a ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi kámẹ́rà náà ṣe.

Kí n má gbàgbé, àwọn obìnrin kan nínú yín wá bá mi níkọ̀kọ̀ pé àwọn kò fẹ́ kí wọ́n máa ya inú ìsọ̀ àwọn, tàbí kí wọ́n ya àwọn nínú aṣọ àwọ̀sùn bí ọlọ́pàá bá wọlé lóru. Wọ́n jàre. Ẹni tí kò bá ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọ̀ràn kò yẹ kó bá ara rẹ̀ nínú àwòrán tí gbogbo àgọ́ ń wò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wọ inú àdéhùn.

Bí ẹ bá ní ẹ kò lè dúró de gbogbo èyí, àbá tèmi ni pé kí a fi ìdá kan lára owó yẹn gba agbẹjọ́rò kan tí yóò máa tẹ̀lé ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí àgọ́, kí a sì fi ìyókù dúró. Màmá aláṣọ wa, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin ni mo ń tìtorí yín sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ rí nǹkan mú dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún sọ pé kò sí ọkọ̀ lójú ọ̀nà.

Ìpàdé wa yóò wáyé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn wa. Àbá náà ló máa kọ́kọ́ wá. Kí oníkálùkù mú pásìbúùkù rẹ̀ dání, n óò fi wọ́n wé léjà kí a tó bẹ̀rẹ̀.